Kí ni màá bá ìyá àfẹ́sọ́nà mi sọ ní Gẹ̀ẹ́sì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Aránṣọ ni mí, Mọ́kọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà nílùú Ìbàdàn níbí. Ọmọ Kàlàbá ni àfẹ́sọ́nà mi. Ìgbà tó wá ṣe àgùnbánirọ̀ ní Ìbàdàn la pàdé, ọdún kejì rèé. Gbogbo Yorùbá tó gbọ́ ò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, èmi náà ò gbọ́ Efik, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo gba kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí mo ṣe WAEC, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ ọkàn, ẹnu mi á kàn máa wúwo ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Mo ní, "Mummy, we love ourselves very well." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fẹ́ jíṣẹ́ ìyá mi, mo ní, "My mother is here, they are greeting you." Wọ́n ní, "Who and who?" Ojú tì mí débi pé mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo gé fóònù. Oṣù Kejìlá ni ẹbí méjèèjì máa ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Mi ò lówó kíláàsì. Báwo ni mo ṣe lè fi Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rẹ́ àti ti ìfẹ́ dánra wò fúnra mi kó tó dìgbà náà?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, mo kí ọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọkàn rẹ balẹ̀ lórí ẹ̀rín yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi èèyàn ṣẹ̀sín kì í dúró bi í léèrè kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè yé òun. "Who and who?" tí màmá fi bi ọ́ gan-an, Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ni. Gẹ̀ẹ́sì tiwọn náà ní ìlú tó ti wá.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà rẹ ò yàtọ̀ sí ohun tí mò ń rí lọ́dọọdún: ọ̀rọ̀ ò wọ́n ọ. Nínú gbólóhùn méjèèjì tó o kọ ránṣẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí o ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Yorùbá lo gé, Gẹ̀ẹ́sì lo fi rán an. Ìwọ náà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń gé bùbá kọ́ ni wọ́n ń gé kóòtù, kódà kó jẹ́ ara aṣọ kan náà ni wọ́n ti gé méjèèjì. Nítorí náà, má lọ náwó sórí ìwé tí wọ́n kó ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí. Ibi tí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti pínyà nínú ọ̀rọ̀ ọkàn ni kó o mọ̀. Ibẹ̀ ò pọ̀. Tó o bá ti mọ̀ ọ́n, àwọn èèyàn tìrẹ gan-an ni kó o máa fi dánra wò.

Ká ti orí "ourselves" yẹn bẹ̀rẹ̀. "Ara wa" ń ṣe iṣẹ́ méjì nínú Yorùbá. Bí a bá ní "a ti tan ara wa jẹ," ó lè jẹ́ pé olúkúlùkù tan ara rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé èmi tàn ọ́, ìwọ náà tàn mí. Ẹni tó ń gbọ́ wa ló máa fi ọgbọ́n mọ èyí tí à ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ò fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọgbọ́n. "Ourselves" ni tí olúkúlùkù bá ń ṣe é sí ara rẹ̀. "Each other" ni tí mo bá ń ṣe é sí ọ, tí ìwọ náà ń ṣe é sí mi. Ohun tí màmá gbọ́ ni pé ìwọ fẹ́ràn ara rẹ, ọmọ wọn náà fẹ́ràn ara rẹ̀. "We love each other" lo fẹ́ sọ. Láti ibẹ̀ o lè máa bá a lọ: "We trust each other. We respect each other. We call each other every night. We have known each other for two years." Ṣùgbọ́n má tìtorí èyí lé "ourselves" jáde nílé pátápátá. Bí ẹ bá lọ ṣeré ní Agodi Gardens lọ́jọ́ Àìkú, tí ara yín yá, "We enjoyed ourselves" ni, torí olúkúlùkù yín ló gbádùn ọjọ́ náà.

Ti "they" yẹn, ẹ̀kọ́ ilé ló fà á. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ò lè la ẹnu pé "ìyá mi, ó ń kí yín." "Wọ́n" ni. Iye la fi ń bọ̀wọ̀ nílẹ̀ wa: àgbà kan ṣoṣo, a sọ ọ́ di púpọ̀. Arọ́pò orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé. Ìyá rẹ "she" ni, Olúbàdàn pàápàá "he" ni. Mo mọ̀ pé ó máa ń há èèyàn lẹ́nu, á dà bíi pé o rí àgbà fín. Ọ̀wọ̀ wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, ibòmíràn ló jókòó sí. Ó wà nínú "ma" tí àwa ará Nàìjíríà kì í fi ṣeré, ó wà nínú "please", ó wà nínú "could" àti "would" tí wọ́n fi ń rọ ọ̀rọ̀. "My mother is here, ma. She sends her greetings. Could you speak with her, please?" Kò sí ìyá ọkọ tó máa gbọ́ ìyẹn kó pè ọ́ ní aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Tí "she" bá ti wọlé, ìṣòro kejì wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ó" tiwa ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń yá, "he" á bọ́ síbi tí "she" yẹ kó wà, mo sì máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé débi tó jinlẹ̀. Mo rántí ọmọkùnrin kan ní SS2, ọmọ tí orí rẹ̀ pé. Mo ti ní kí wọ́n mú fọ́tò ìgbéyàwó kan wá láti ilé, kí kálukú dúró níwájú kíláàsì kó sọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di fọ́tò àwọn òbí rẹ̀ mú, fọ́tò àtijọ́ tí etí rẹ̀ ti ká, ó ní: "This is my mother and his husband." Kíláàsì hó yè. Mi ò jẹ́ kó lọ jókòó. Mo ní kó fi ìka kan ìyá rẹ̀, kó sọ pé "she, her". Kó fi ìka kan bàbá rẹ̀, kó sọ pé "he, his". Ó ṣe é tó ìgbà mẹ́fà, ìka ń lọ, ìka ń bọ̀, kó tó wá sọ pé "my mother and her husband", ẹnu rẹ̀ ò sì kọsẹ̀. Ìka yẹn ló ṣiṣẹ́ náà. "His" àti "her" kì í wo ohun tí èèyàn ní, ẹni tó ni ín ni wọ́n ń wò: ọkọ obìnrin, "her husband"; ìyàwó ọkùnrin, "his wife".

Ìwọ náà ò lè ṣàìní fọ́tò àwọn oníbàárà tó wọ aṣọ tó o rán lórí fóònù rẹ. Máa fi ìka kàn wọ́n, máa sọ ọ́ sókè: "She came with her fiancé. He paid for her dress." Ọ̀rọ̀ Faransé ni "fiancé" yẹn. Tó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n á fi lẹ́tà e kan kún un lẹ́yìn, "fiancée". Bí wọ́n ṣe ń pè é kò yí padà, ìkọsílẹ̀ ló yàtọ̀. Bó o bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí màmá, ọmọ wọn ní e kan, ìwọ ní méjì.

Ó wá kan "fẹ́". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí la fi ń béèrè omi, òun la fi ń sọ ìfẹ́, òun náà la fi ń gbé ìyàwó. "Mo fẹ́ ẹ" lè jẹ́ "I want it", ó lè jẹ́ "I love him", ó sì lè jẹ́ "I want to marry her". "Ta lò ń fẹ́ báyìí?" tí àwọn àǹtí ẹni máa ń béèrè, "Who are you seeing?" tàbí "Who are you going out with?" ni. Gẹ̀ẹ́sì ti to ọ̀nà ìfẹ́ ní ibùdókọ̀ ibùdókọ̀, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ẹni tó kàn wù ọ́, "I like him". Àwọn ará Bírítéènì á ní "I fancy him". Tí ọkàn rẹ bá ń fà sí i tí òun ò tíì fura, "I have a crush on him". Ọjọ́ tó dẹnu kọ ọ́ pé kẹ́ ẹ jọ jáde, "He asked me out". Lẹ́yìn ìyẹn, "We are going out" tàbí "We are dating". Tí ìfẹ́ bá wá wọ̀ ọ́ lára tán, "I fell in love with him". Tẹ́ ẹ bá ti jọ gbà pé ẹ máa fẹ́ra, "We are engaged". Lẹ́yìn ìgbéyàwó, "We are married".

Jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí "engaged", torí ó kàn ọ́. Ní Ìbàdàn níbí, "engagement" ni ọjọ́ ìdána: alága ìdúró, alága ìjókòó, iṣu, oyin, ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń dọ̀bálẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àdéhùn ni. Láti ọjọ́ tó ti bi ọ́ pé "Will you marry me?" tó o sì ní bẹ́ẹ̀ ni, o ti wà nínú rẹ̀, títí di ọjọ́ ìgbéyàwó. Nítorí náà, bó o bá sọ fún òyìnbó pé "We did our engagement on Saturday, so he is my husband now," ọ̀rọ̀ náà ò ní í yé e. "Traditional wedding" ló yẹ kó gbọ́. "Toast" náà rí bẹ́ẹ̀. Láàárín wa, ẹni tó ń "toast" ọ ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Níbòmíràn, búrẹ́dì ni wọ́n ń yan, tàbí kí wọ́n máa gbé ife sókè fún ẹni tí wọ́n ń yẹ́ sí.

Mi ò sí lára àwọn tó ń pe gbogbo Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ní àṣìṣe o. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba ọ̀rọ̀ Nàìjíríà 29 wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, "next tomorrow" sì wà lára wọn, ọ̀túnla wa gan-an nìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó o mọ ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀. Màmá á gbọ́ "introduction", wọ́n á gbọ́ "our wife", wọ́n á gbọ́ "my junior sister" náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "younger sister" ló máa ń yé gbogbo ayé. Èyí tí o ò gbọ́dọ̀ túmọ̀ ni "ọkọ mi". Nílé ọkọ Yorùbá, àbúrò ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ọkọ ìyàwó ni. Ní Gẹ̀ẹ́sì, lójú gbogbo ẹbí Kàlàbá, "This is my fiancé's younger brother" ni kó o sọ, kó o dúró síbẹ̀.

Wá padà wo àwọn gbólóhùn òkè yẹn. Ọ̀rọ̀ kéékèèké tó tẹ̀lé àwọn ọ̀rọ̀ ńlá ni mo fẹ́ kó o fojú sí. "In love with." "Engaged to." "Married to." "Pẹ̀lú" tiwa ló ń mú wa sọ "married with", torí a máa ń sọ pé ó ṣègbéyàwó pẹ̀lú ọmọ lágbájá. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì tirẹ̀, o ò sì lè fi bọ́tìnnì ẹ̀wù kan há ihò ẹ̀wù mìíràn. Má kọ́ "jealous" nìkan, "jealous of" ni kó o kọ́: "My friend is jealous of me." "She is jealousing me" tí à ń gbọ́ kiri, "jowú" ló bí i. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni "jowú", "jealous" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe. Kọ́ "proud of", kọ́ "angry with", kọ́ "kind to". Àwọn kan sì wà tí kò gba bọ́tìnnì rárá: "He married her." "I am dating him." Bó o bá fi "with" sẹ́yìn "marry", ohun tí kò ya lò ń rán.

Ọ̀rẹ́ náà ní tirẹ̀. "Mo bá a ṣọ̀rẹ́" ni "I made friends with her". Lẹ́tà s ẹ̀yìn yẹn ò gbọ́dọ̀ kúrò bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan lo bá ṣe é, torí èèyàn méjì ló ń di ọ̀rẹ́. Tí ẹ bá jà débi tí ẹ ò kí ara yín mọ́, "We fell out". Tí ẹ bá parí ẹ̀, "We made up". Tí ọ̀rọ̀ yín bá wọ̀, "We get on well". Tó bá jẹ́ ti olólùfẹ́ tí ìfẹ́ wọn já, "We broke up", tó bá sì jẹ́ òun ló kọ̀ ọ́, "He broke up with me". Ohun kan máa ń dùn mọ́ mi níbí: inú ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí kéèyàn fẹ́ràn ni "friend" ti wá. Wọ́n lè gbàgbé rẹ̀ lẹ́nu báyìí, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ibi tó kàn yìí ni mo rò pé ẹnu rẹ ti ń wúwo jù, kí o fara balẹ̀ kà á. Nínú Yorùbá, ohun tó ń ṣe wá ló ń ṣiṣẹ́, àwa ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Àárò ló ń sọ wá. Ojú ló ń tì wá. Ẹ̀rù ló ń bà wá. Inú ló ń bí wa, inú náà ló ń dùn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí nǹkan ń ṣe ló máa ń jókòó síwájú gbólóhùn. "I" ni wàá fi bẹ̀rẹ̀. "Àárò rẹ ń sọ mí" di "I miss you". Mo ti rí i nínú àròkọ ọmọ kan pé "I missed your absence". Ó rò pé ó yẹ kí òun dárúkọ àìsí ẹni náà, bí àárò ṣe máa ń ní orúkọ nínú Yorùbá, ohun tó wá kọ sílẹ̀ ni òdìkejì ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Ọkàn mi balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀" di "I feel safe with him". "Inú ń bí mi sí i" di "I am angry with him". "Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ fi mí sílẹ̀" di "I am afraid he will leave me". Àmọ́ bó bá jẹ́ òun ló ṣe nǹkan sí ọ, òun ló máa ṣíwájú: "ó já mi kulẹ̀" ni "He let me down".

"Ojú ń tì mí" gba àròjinlẹ̀, torí Yorùbá kan ni, Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta. Tó bá jẹ́ pé o ò kì í lè sọ̀rọ̀ lójú àjèjì, "I am shy". Tó bá jẹ́ pé o ṣi ọ̀rọ̀ sọ, tí ara rẹ sì gbóná lójú èèyàn, "I am embarrassed". "I am ashamed" ni ti ẹni tó ṣe ohun tí kò dáa tí ọkàn rẹ̀ sì ń dá a lẹ́bi. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ló ń sọ "I am ashamed" níbi tí "I am shy" ti yẹ, ẹni tó gbọ́ ọ á sì máa ronú ohun tí wọ́n fi pamọ́. Kọ ti ìwọ sílẹ̀ bó o ṣe máa sọ ọ́: "I was embarrassed on the phone. I have nothing to be ashamed of." Mo fẹ́ kó o ka ìkejì yẹn sókè ju ìkíní lọ.

Ti àsìkò, mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀. "Láti" wa di méjì lọ́dọ̀ wọn. Tó o bá ń ka iye ìgbà, "for" ni, "We have been together for two years". Tó o bá ń dárúkọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, "since" ni, "We have been together since 2023". Ṣùgbọ́n tó o bá ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ti kọjá lọ, lé "have" jáde: "We met in 2023." Yorùbá kì í pa "pàdé" dà, ì báà jẹ́ àná, ì báà jẹ́ ọ̀la. Gẹ̀ẹ́sì á sọ "meet" di "met", "fall" di "fell", "tell" di "told", "choose" di "chose", "break" di "broke". Márùn-ún yẹn ló ń gbé ìtàn ìfẹ́ rìn, há wọn sórí.

Yorùbá tún lè ràn ọ́ lọ́wọ́ níbi tí o ò fọkàn sí. A kì í sọ pé "mo ń mọ̀ ọ́n". "Mo mọ̀ ọ́n" ni. A ní "mo fẹ́ràn rẹ̀", "mo nílò rẹ̀", "mo gbà á gbọ́", láìfi ń sí i. Gẹ̀ẹ́sì náà ò fẹ́ "-ing" níbẹ̀: "I know him. I love him. I need him. I believe him." Ṣùgbọ́n "mò ń fẹ́ ẹ" gba ń, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà sì gba "-ing": "I am dating him." Nítorí náà, kó o tó fi "-ing" sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́, dákẹ́ kó o fi Yorùbá sọ ọ́ nínú ara rẹ. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń bá a mu, "inú ń bí mi" ní ń tí "I am angry" kò sì ní "-ing", ṣùgbọ́n á gbà ọ́ lọ́wọ́ "I am knowing him" àti àwọn ẹbí rẹ̀. Mi ò gbà rárá pé Yorùbá ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ wa jẹ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wá ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò kẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹnu fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Lẹ́nu wa, "live" àti "leave" máa ń dún bákan náà, torí "i" kan la ní. Gbólóhùn méjì tó lè tú ilé ni wọ́n: "I want to live with him" àti "I want to leave him". Fa ti ìkejì gùn, gé ti ìkíní kúrú. Àwa ará Ìbàdàn sì máa ń fi "s" pe "sh" nígbà mìíràn, "she" á wá di "see". Fi ọwọ́ kan ètè rẹ bó o ṣe ń sọ ọ́. Ètè gbọ́dọ̀ yọ síwájú díẹ̀.

Ní ti bó o ṣe máa ṣe é láìlówó, alẹ́ ni kó o lò, tó o bá ti bo ẹ̀rọ rẹ tán tó o sì ti gbá èékú aṣọ jáde. Mú ẹnì kan, ẹnì kan ṣoṣo. Lónìí ìyá rẹ, lọ́la ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́, lọ́túnla ẹni tó já ọ kulẹ̀ rí. Gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ lórí fóònù, gbólóhùn márùn-ún, láìkọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni náà ni kó wà lójú rẹ bó o ṣe ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà gbọ́ ọ, kó o máa wá àṣìṣe kan péré. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, "he" àti "she" nìkan. Ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn bọ́tìnnì. Ọ̀sẹ̀ kẹta, "each other", "for" àti "since". Bó o bá ní o fẹ́ mú gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹnu rẹ á tún padà wúwo, mo ti rí i lára ọmọ tó pọ̀. Ohun tó o máa gbọ́ náà ò wọ́n: BBC Learning English àti LearnEnglish ti British Council, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, owó dátà nìkan lo máa san. Tó o bá gbọ́ "I'm so proud of you" níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni kó o kọ sílẹ̀, má kọ "proud" nìkan.

Àfẹ́sọ́nà rẹ lè ràn ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bá a ṣe àdéhùn. Àṣìṣe kan lọ́sẹ̀ ni kó máa tún ṣe, kó sì jẹ́ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti parí. Olólùfẹ́ tó ń sọ ara rẹ̀ di olùkọ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú máa ń lé ọ̀rọ̀ sá lẹ́nu ẹnì kejì. Kí òun náà sì máa kọ́ Yorùbá márùn-ún lọ́sẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Gẹ̀ẹ́sì ò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú yín, kò yẹ kó jẹ́ ìwọ nìkan láá máa làágùn.

Èyí ni ohun tí mo rò pé o lè sọ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́: "Good afternoon, ma. I am so happy to meet you at last. I have been looking forward to meeting you. Your son and I met in Ibadan two years ago, when he was serving here. We became friends first, and then we fell in love. He is kind to me, and he listens. We trust each other." "Looking forward to meeting" ni o, kì í ṣe "to meet"; ibẹ̀ ló ń mú àwọn tó gba A nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. "Serving" á yé wọn, torí gbogbo Nàìjíríà ló mọ iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ láti ọdún 1973 tí ìjọba Gowon ti dá a sílẹ̀, kí ọmọ ìhín lè mọ ọmọ ọ̀hún. Ẹ̀yin méjèèjì sì jẹ́rìí sí i. Má há a sórí bí ewì. Yọ èyí tí kì í bá ṣe òótọ́ kúrò. Bí ọmọ wọn kì í bá tẹ́tí sí ọ, má sọ "he listens", ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ gírámà, wá bá mi sọ ọ́ lọ́tọ̀.

Má sì dúró de oṣù Kejìlá. O gé fóònù mọ́ màmá lẹ́nu, èyí ló yẹ kó o kọ́kọ́ tún ṣe. Pè wọ́n lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ìyá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. "Good evening, ma. I am sorry about the way our last call ended. I was embarrassed. What I wanted to say is that your son and I love each other. My mother is sitting beside me. She would like to greet you." Lẹ́yìn náà, gbé fóònù fún ìyá rẹ.